Ìtọ́jú eegun párì tí àrùn èrìgì ń jẹ, láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde: èyí tó tó owó rẹ̀ àti èyí tí kò tó o

Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń tà lágbègbè wa fún ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí eyín rẹ̀ sì ti ń mì: fífọ eyín lásán, fífọ gbòǹgbò eyín lábẹ́ èrìgì, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ń kó eegun sínú ihò, àti oògùn inú ìgò tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì. Gbogbo rẹ̀ làwọn èèyàn ń pè ní "mo lọ tọ́jú eyín". Iṣẹ́ wọn kò jọra rárá, owó wọn kò jọra, ẹni tó bá sì ra ìkan rò pé òun ra èkejì, eegun rẹ̀ á máa lọ ni.

Ohun tó ń jẹ eegun náà rèé. Ìdọ̀tí funfun rírọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín kún fún kòkòrò àìfojúrí. Bí búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò kò bá gbá a kúrò, itọ́ ẹnu á sọ ọ́ di òkúta láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òkúta yẹn á fẹ̀ wọ abẹ́ èrìgì. Èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á já kúrò lára eyín, ààyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín wọn là ń pè ní àpò. Kòkòrò á kó sínú àpò, ara á gbógun tì wọ́n, ìjà yẹn gan-an ló sì ń yọ́ eegun tó di eyín mú. Kì í sábà dunni. Ẹni tí eyín rẹ̀ kò dùn á ní kò sí nǹkan, títí tí eyín iwájú méjì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn sọ́tọ̀, tí ọyún á máa jáde bó bá fìka tẹ ìdí wọn.

Ìwọ̀n ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó fún. Dókítà eyín tó mọṣẹ́ á mú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àmì mìlímítà lára, á rọra tì í wọ àárín eyín àti èrìgì ní ojú mẹ́fà lára eyín kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta níta, mẹ́ta nínú. Agbára tó fi ń tì í kò ju ìwúwo gíráàmù 25 lọ, torí náà kò yẹ kẹ́ ẹ fò sókè lórí àga. Á máa pè é fún nọ́ọ̀sì: "mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, méje, ẹ̀jẹ̀." Bí eyín 28 bá wà lẹ́nu yín, nọ́ńbà 168 ló máa wọ inú ìwé. Mìlímítà 1 sí 3 ni ti èrìgì tí ara rẹ̀ dá. 4 àti 5, àrùn ti wọlé. 6 sókè, eegun ibẹ̀ ti lọ dáadáa. Wọ́n á tún kọ eyín tó ń mì àti bó ṣe ń mì tó, àti eyín ẹ̀yìn tí ọ̀pá wọ àárín ẹsẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló máa ń ṣòroó fọ̀ jù.

Kíníìkì tí wọ́n ti gbé yín sórí àga, tí ẹ̀rọ dún fún ogún ìṣẹ́jú, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dídùn dán eyín yín, tí ẹnikẹ́ni kò sì ka nọ́ńbà kan, fífọ eyín lásán lẹ rà níbẹ̀. Kò burú fún ẹni tí èrìgì rẹ̀ kàn ń ṣẹ̀jẹ̀ tí eegun rẹ̀ ṣì pé. Fún ẹni tí eegun rẹ̀ ti ń lọ, ó léwu ju kó má lọ rárá lọ: ojú eyín á máa dán, ẹnu kò ní rùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òkúta ìsàlẹ̀ á sì wà níbẹ̀ pẹrẹu.

X-ray ló tẹ̀ lé ìwọ̀n. Èyí tó ń ya gbogbo párì lẹ́ẹ̀kan náà dára láti fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, àmọ́ ó máa ń ṣú ní eyín iwájú. Fíìmù kékeré tí wọ́n ń fi sínú ẹnu, tó ń ya eyín méjì tàbí mẹ́ta, ló ń fi etí eegun hàn kedere. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, etí eegun kì í ju mìlímítà 2 lọ sí ibi tí adé eyín ti pàdé gbòǹgbò. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín lójú fíìmù, kí wọ́n sì sọ bóyá eegun lọ sílẹ̀ gbọọrọ ni àbí ó gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín kan. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ló máa pinnu bóyá iṣẹ́ abẹ eegun wúlò fún yín tàbí kò wúlò. Láti ọdún 2018 tí wọ́n ti gbé ìlànà tuntun jáde, ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín àrùn náà sí. Dókítà tó bá ti wọn ẹnu yín tó sì ti wo X-ray á lè sọ ìpele yín láìfi falẹ̀.

Fífọ gbòǹgbò la fún ní máàkì tó pọ̀ jù, kódà ju iṣẹ́ abẹ lọ. Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú, lidocaine 2% tó ní adrenaline nínú ni wọ́n sábà ń lò, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe máa họ ìsàlẹ̀ àpò mìlímítà 7 láìfún yín ní abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ má sì pariwo. Apá kan ẹnu tàbí méjì ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bíi ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, torí náà ìgbà méjì sí mẹ́rin lẹ máa lọ. Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n tó ń tú omi ló ń fọ́ òkúta ńlá. Omi yẹn kò gbọ́dọ̀ dá, bó bá dá, orí irin á gbóná, á sì jó inú eyín. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ni irin ọwọ́, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ilé ìtọ́jú tó dáńgájíá. Àwọn irin tí wọ́n ń pè ní Gracey ní nọ́ńbà: 11/12 wà fún ojú iwájú eyín ẹ̀yìn, 13/14 fún ẹ̀yìn rẹ̀, 5/6 fún eyín iwájú. Ibi tí irin kọdọrọ kan ṣoṣo bá wà fún gbogbo eyín, òkúta á kù. Irin tó bá sì ti kú, kì í bó òkúta, ṣe ló máa ń dán an tí kò fi ní ṣeé fi ọwọ́ mọ̀ mọ́. Orí irin ẹ̀rọ náà ń jẹ: bó bá ti fi mìlímítà 2 kúrú, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ iná pẹ̀lú. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ tí kò sì sí jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ inverter, irin ọwọ́ lè parí ẹ̀, àmọ́ abẹ́rẹ́ lè ti ń kúrò lẹ́nu yín kí wọ́n tó dé ìdí ẹ̀. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń yọ irin jáde. Ó yẹ kó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n dì pa, kí wọ́n já a lójú yín, kí àmì ara ọ̀rá ti yí àwọ̀ padà, ẹ̀rí pé ó ti wọ inú ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbígbóná pa kòkòrò. Ooru ìwọ̀n Celsius 134 fún ìṣẹ́jú 3, tàbí 121 fún ìṣẹ́jú 15, ni wọ́n ń lò. Irin tí wọ́n kàn rẹ sínú omi Dẹ́tọ́ọ̀lì kò tó.

Ẹ̀sùn tó pọ̀ jù lẹ́yìn fífọ gbòǹgbò ni pé "wọ́n ti sọ eyín mi di gígùn, ó tún wá ń mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ". Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ẹ̀bi iṣẹ́ kọ́ sì ni. Èrìgì tó wú tẹ́lẹ̀ ti fà sẹ́yìn, gbòǹgbò yọ síta, àlàfo ṣí sílẹ̀ láàárín eyín. Òkúta tó so eyín mímì méjì pọ̀ ti kúrò, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé ó ń mì sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tún le padà. Gàárì Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ bá fi omi tútù rẹ ni yóò kọ́kọ́ fi yé yín pé gbòǹgbò ti yọ síta. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride 1,450 ppm, tó sì wà fún eyín tó ń ta, fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ tu ìfófòó dànù ṣùgbọ́n ẹ má fi omi yọ́ ẹnu. Á rọlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 lẹ́yìn náà ni wọ́n máa tún wọn ẹnu yín. Bí wọ́n bá tètè wọ̀n ọ́n ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n kàn ń da ibi tó ń jinná rú ni. Ní ìpíndọ́gba, àpò tó wà láàárín 4 sí 6 máa ń dín ní mìlímítà kan tàbí díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti 7 sókè máa ń dín ní nǹkan bíi 2. Ẹni tó ń mu sìgá kò ní rí tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ kò sí níkàáwọ́. Àyẹ̀wò ṣúgà oṣù mẹ́ta, HbA1c, wúlò kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kejì náà ṣí sílẹ̀ o: ìtọ́jú èrìgì fúnra rẹ̀ máa ń fa HbA1c wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 0.4% láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó ń lo amlodipine tàbí nifedipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sọ fún dókítà eyín. Oògùn méjèèjì lè mú èrìgì wú bolobolo bo eyín, wọn á sì máa fọ̀ ọ́ lásán bí wọn kò bá mọ̀. Kẹ́ ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín ṣá.

Iṣẹ́ abẹ eegun wá ńkọ́? Bí àpò 6 sókè bá ṣì kù lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn, tí X-ray sì fi ihò hàn tó jìn ní mìlímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ihò tóóró tó ní ògiri eegun mẹ́ta ló dára jù, bí kòtò àárín títì: ohun tẹ́ ẹ bá dà sí i á jókòó. Ibi tí eegun ti lọ sílẹ̀ gbọọrọ yíká gbogbo eyín, kò sí ògiri tó máa di ohunkóhun mú, ẹni tó bá sì ṣèlérí fún yín pé òun máa "gbé eegun dìde" níbẹ̀, ẹ dìde kúrò lórí àga rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn tó ti pẹ́ kó tó wá, irú èkejì yìí ni tiwọn. Ìdí nìyẹn tí a kò fi fún iṣẹ́ abẹ ní máàkì ju fífọ gbòǹgbò lọ; ó dára gan-an fún ìwọ̀nba èèyàn ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n á gé èrìgì yíká ọrùn eyín, wọ́n á ká a sẹ́yìn kí ihò lè hàn. Wọ́n á yọ gbogbo ẹran rírọ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ihò, wọ́n á fọ gbòǹgbò tí wọ́n ń fojú ara wọn rí báyìí. Wọ́n á po eegun wẹ́wẹ́, tí hóró rẹ̀ jẹ́ 0.25 sí 1 mìlímítà, mọ́ omi iyọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á kó o sí ihò dé etí ògiri rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ pinpin, nítorí ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè gba àárín hóró kọjá. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan á bo orí rẹ̀, kó kọjá etí ihò ní mìlímítà 2 sí 3, kí ẹran èrìgì tó ń yára dàgbà má baà wọlé ṣáájú eegun. Wọ́n á wá rán èrìgì bò ó mọ́lẹ̀ láìfà á le. Eyín tó bá ń mì púpọ̀, wọ́n ní láti so ó mọ́ èyí tó dúró dáadáa kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Eegun kì í so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń jì.

Ọ̀rọ̀ kan wà táwọn ilé ìtọ́jú kì í sábà dá sọ, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ ní ìlú tí mùsùlùmí pọ̀ sí bíi Ìjẹ̀bú-Òde. Bio-Oss, eegun wẹ́wẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù, ti màlúù ni. Bio-Gide, awọ tí wọ́n sábà fi ń bò ó, ti ẹlẹ́dẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni Emdogain, oògùn tí wọ́n ń fi kun ara gbòǹgbò. Èyí tí wọ́n fi calcium phosphate ṣe nílé iṣẹ́ wà, kò ní ti ẹranko nínú. Awọ tí kò ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá wà pẹ̀lú. Ẹ béèrè kí wọ́n tó pàṣẹ rẹ̀, nítorí láti òkè òkun ló ti ń wá, owó dọ́là sì ni wọ́n fi ń ra á, kò sí ẹni tó máa dá a padà fún yín.

Dókítà tó kọ́ iṣẹ́ èrìgì ní pàtó ló yẹ kó ṣe é. Ẹ béèrè ní OOUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, tàbí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn kẹ́ ẹ tó rìn jìnnà. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú, LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, wà lápá kan márosẹ̀, UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, wà lápá kejì, ará Rẹ́mọ wà láàárín méjèèjì.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹnu aláìsàn ló kù tó máa bà á jẹ́ tàbí tó máa tún un ṣe. Kò gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Chlorhexidine 0.2% ni wọ́n á ní kó máa fi yọ́ ẹnu, mílílítà 10 fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kó sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ọṣẹ ìfọyín nítorí ọṣẹ máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Tíì àti obì á jẹ́ kó pọ́n eyín rẹ́súrẹ́sú, torí náà ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ní Ojúde Ọba, kó má fi iṣẹ́ abẹ sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó fún chlorhexidine. Àwọn tó ń fi ṣe omi ìyọ́nu jálẹ̀ ọdún ń fi owó ra àwọ̀ dúdú. Ìkọ́kọrẹ́ tí kò ta tó ti tutù, ẹ̀kọ, àmàlà rírọ̀ dára. Gàárì gbígbẹ, ẹ̀pà àti ẹran líle kò gbọ́dọ̀ wọlé, hóró gàárì máa ń há sí ojú rírán. Bí hóró eegun kan tàbí méjì bá jáde bí yanrìn, kò burú. Bí awọ funfun bá yọ sí gbangba, tàbí tí ọyún bá ń jáde, ẹ padà lọ́jọ́ yẹn, torí kòkòrò ti ráyè wọ ibi tí eegun fẹ́ gbà. Sìgá ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ dókítà kò ní ṣe é fún ẹni tí kò tíì jáwọ́, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ọ̀pá ìwọ̀n kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́fà. X-ray láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ló máa sọ bó ṣe lọ. Mìlímítà bíi 3 tí eyín bá tún rí dì mọ́, iṣẹ́ ti yọrí. Ẹni tó ń retí kí párì rẹ̀ padà rí bó ṣe rí lọ́mọ ogún ọdún kò tíì gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Oògùn inú bọ́ọ̀sì, èyí tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn dídùn àti eyín mímì pọ̀, òdo la fún un. Kò sí omi kankan nínú ìgò tó lè tú òkúta tó ti lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò. Amoxicillin àti metronidazole, oògùn tó ń pa kòkòrò, tẹ́ ẹ bá lọ rà fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì wà nítòsí òdo yẹn: ọyún á gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò tó wà nínú ìdọ̀tí tó lẹ̀ pinpin kò ní kú tán, á padà wá. Àwọn dókítà máa ń fi oògùn méjèèjì kún fífọ gbòǹgbò fún àwọn kan, pàápàá ọ̀dọ́ tí eegun rẹ̀ ń yára lọ; wọn kì í lò ó dípò rẹ̀.

Pákò Ìjẹ̀bú ńkọ́? A kò ní bú u. Ó ń fọ ojú eyín dáadáa bí wọ́n bá rún orí rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì fi í lọ sókè sódò, kì í ṣe kí wọ́n máa fi gbá ìdí eyín sọ́tùn-ún sósì títí gbòǹgbò á fi gbẹ́. Ibi tí kò lè dé ni àárín eyín, ibẹ̀ gan-an ni àrùn yìí sì ń gbé. Búrọ́ọ̀ṣì tíńtín tó ń wọ àárín eyín ló kún ibẹ̀, nínú gbogbo ohun tí owó kékeré lè rà, kò sí èyí tó tó o. Àwọn tí ilé iṣẹ́ TePe ń ṣe ní àwọ̀ fún ìwọ̀n: pupa jẹ́ mìlímítà 0.5, búlúù 0.6, yẹ́lò 0.7, àwọ̀ ewé 0.8. Ẹnu kan lè nílò méjì tàbí mẹ́ta. Irun rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ eyín, kí wáyà àárín rẹ̀ má sì kan eyín. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, lálẹ́. Ìgbálẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹ́ fi tayín lẹ́yìn ẹran kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, èrìgì ló ń gún.

Eyín tó bá ti ń mì sókè sódò, kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé fífẹ̀ eegun ibẹ̀ lè dín dé ìdajì láàárín ọdún kan, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì ń lọ jù. Ẹni tó bá ń gbèrò àtigbin eyín tó ní skru títaníọ́mù, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó yọ eyín, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Èrìgì tó kù gbọ́dọ̀ ti sàn ná. Kòkòrò kan náà ń jẹ eegun ìdí eyín tí wọ́n gbìn.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ìfọ̀ àti ìwọ̀n, fún ọdún àkọ́kọ́ ó kéré tán. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé nọ́ńbà 168 yẹn, ẹ fi fóònù ya á. Dókítà á yí padà, kíníìkì lè kó lọ, ìwé wọn sì lè sọnù; bí ẹ bá gbé fóònù jáde, ẹni tó bá ń wọn yín lọ́jọ́ yẹn á fi ojú eyín kọ̀ọ̀kan wé ti tẹ́lẹ̀. Eyín tí nọ́ńbà rẹ̀ bá fi 2 lé sí i ni kó kọ́kọ́ fọ̀.